Ojú Ìbejì Nínú Fíìmù Dúdú-àti-Funfun: Àyẹ̀wò Èrò Lámèyítọ́ Kan Lórí Fọ́tò Yorùbá

1.0 Ìfáàrà

Ohun tí àwọn onímọ̀ ti kọ lórí ère ìbejì pọ̀ lọ jàra, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n kọ lórí fọ́tò ìbejì kò tó nǹkan. Nínú ìwọ̀nba tí ó wà, a kò lè gbójú fo iṣẹ́ Stephen Sprague tí ó jáde nínú African Arts ní ọdún 1978, lẹ́yìn ìwádìí tí ó ṣe láàrin àwọn onífọ́tò ní Ìlá Ọ̀ràngún àti àwọn ìlú mìíràn. Èrò rẹ̀ ni pé ojú tí Yorùbá fi ń wo ère ni wọ́n fi ń ya fọ́tò. Nínú bébà yìí, a ó fi fọ́tò ìbejì dán èrò náà wò. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé àṣà nìkan kò tó láti ṣàlàyé fọ́tò yìí. Fíìmù dúdú-àti-funfun tí kò wọ́n, tí onífọ́tò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ̀, ní ipa tirẹ̀ nínú ìtumọ̀ rẹ̀.

2.0 Fífi ojú ère wo fọ́tò

Ní ọdún 1973, Robert Farris Thompson ṣe àlàyé lórí òṣùwọ̀n tí Yorùbá fi ń ṣe ìdájọ́ ère. Lára wọn ni jíjọra, èyí tí kì í ṣe kí ère jọ ènìyàn jù, tí kì í sì í ṣe kí ó má jọ ọ́ rárá. Ìfarahàn, dídán àti ọ̀dọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí a bá wo fọ́tò àgbàlagbà tí ó jókòó, tí ó kọjú síwájú gbọọrọ, tí ó gbé ọwọ́ lé orúnkún, tí agbádá rẹ̀ sì tẹ́ rẹrẹ, a ó gbà pé òṣùwọ̀n wọ̀nyí bá a mu. A kò bá Sprague jiyàn níbẹ̀.

Ti ìbejì ni ó yàtọ̀. Bí ọmọ tilẹ̀ kú ní ìkókó, ara àgbà ni ère rẹ̀ máa ń ní: obìnrin a ní ọmú, ìdúró a sì tó ti ẹni tí ó ti bàlágà. Ọ̀dọ́ nìyẹn. Fọ́tò ìbejì kò ṣe bẹ́ẹ̀.

3.0 Bí a ti ń ṣe é

Bí ọ̀kan bá kú kí a tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, èyí tí ó kù ni a ó yà. Bí wọ́n bá jẹ́ ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì, ẹ̀ẹ̀kan ni a ó yà á, onífọ́tò yóò sì tẹ àwòrán kan náà lẹ́ẹ̀mejì sí orí bébà kan. Bí ó bá jẹ́ akọ àti abo, a ó wọ aṣọ ọkùnrin fún un, a ó yà á. A ó tún wọ aṣọ obìnrin fún un, a ó tún un yà.

Fíìmù 120 a máa gba àwòrán méjìlá tí ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 6 ní ìbú àti òró. Òògùn tí a fi ń fọ̀ ọ́ kò béèrè ju nǹkan bí ìwọ̀n 20°C lọ. Bí omi bá lọ́wọ́ọ́wọ́ jù bẹ́ẹ̀, onífọ́tò a dín àkókò kù. Èyí tí ó ṣe kókó ni pé bébà ìtẹ̀wé dúdú-àti-funfun kì í rí iná pupa. Lábẹ́ gílóòbù pupa, onífọ́tò ń rí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe: ó lè fi páálí bo ìlàjì bébà, kí ó jẹ́ kí iná tan sí ìlàjì kejì, kí ó sì pààrọ̀ wọn. Bí ó bá ti bébà náà bọ omi òògùn, ojú méjì yóò yọ.

Fíìmù aláwọ̀ tí a ń pè ní kọ́lọ̀ kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Òògùn tirẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní 38°C láìyẹ̀ ju díẹ̀díẹ̀ lọ, bébà rẹ̀ sì ń béèrè òkùnkùn tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú biribiri. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ náà fi bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ kò sì mọ ẹni tí ó kú nínú ìbejì.

4.0 Ìtumọ̀ rẹ̀

Nínú fọ́tò tí ó ti ojú kan jáde, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan náà ni ìmọ́lẹ̀ bà lé lára àwọn méjèèjì. Bí ìdí aṣọ bá ká lára ọ̀kan, yóò ká lára èkejì. Níbí ni òṣùwọ̀n jíjọra ti kọsẹ̀, nítorí pé èyí kì í ṣe ìwọ̀ntúnwọ̀nsì: ọ̀kan náà ni wọ́n. Síbẹ̀, ojú tí ìyá ń wò kì í ṣe ojú tí òkú ọmọ ní nígbà tí ó lọ. Ojú tí ìbá ní bí ó bá dúró ni. Ère gbé e dé ìgbà àgbà lẹ́ẹ̀kan náà. Fọ́tò ń mú un dàgbà pẹ̀lú èkejì rẹ̀. Nítorí náà, lójú tiwa, pípe fọ́tò yìí ní ère orí bébà kò tọ̀nà. Ìrònú mìíràn nípa òkú ni.

Òṣùwọ̀n tí a fẹ́ dábàá fún un ni ojú ìsopọ̀. Bí ìlà bá hàn láàrin àwọn méjèèjì, ikú ti fi ara hàn, iṣẹ́ sì ti bàjẹ́. Bí eérú ẹ̀yìn wọn bá wọ inú ara wọn láìsí àpá, ẹ̀jìrẹ́ ti padà di ẹ̀jìrẹ́.

Ẹnì kan lè sọ pé ọ̀pọ̀ owó tí kò sí ni ó fa fíìmù yìí, kì í ṣe ọgbọ́n ọnà. Òótọ́ ni pé kò wọ́n. Ṣùgbọ́n àìwọ́n yẹn gan-an ni ó jẹ́ kí gbogbo iṣẹ́, láti orí yíyà títí dé orí títẹ̀, wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo tí ó ń gbé láàrin ìlú, tí ìyá ọmọ lè bá sọ̀rọ̀. Kọ̀ǹpútà lè so ojú méjì pọ̀ lónìí. Kò sọ ohun tí a wí nípa àwọn ti ìṣáájú di asán.

5.0 Ìkádìí

Ohun kan ṣẹ́kù tí ó yẹ kí ó ká wa lára. Bí a bá mú fọ́tò ọmọ méjì tí wọ́n jọra lọ́wọ́, a lè má mọ̀ bóyá ìbejì alààyè méjì ni wọ́n, tàbí ọmọ kan tí a tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Fíìmù tí a fọ̀ ni ó lè jẹ́rìí: ojú méjì ni ó wà nínú rẹ̀ ni, tàbí ẹyọ kan? Ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé ń tọ́jú ère, ẹbí ń tọ́jú fọ́tò. Fíìmù inú páálí àwọn onífọ́tò ni ọ̀rinrin lè jẹ tán láìsí ẹni tí yóò bèèrè rẹ̀. Àbá wa ni pé kí ẹni tí yóò bá ṣe lámèyítọ́ fọ́tò Yorùbá kọ́kọ́ bèèrè fíìmù kí ó tó dá ẹjọ́ ojú.