Ipá, Ipa àti Àṣẹ: Lórí Ìtumọ̀ «Exercer»

Ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ tí ó máa ń dààmú àwọn olùtumọ̀ ní Àjàṣẹ́, níbi tí ìwé ìjọba ti ń jáde ní èdè Faransé, ni ọ̀rọ̀-ìṣe «exercer». Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ni Faransé ń lò fún àṣẹ ìjọba, fún ipa ọ̀rẹ́ lórí ọ̀rẹ́, àti fún iṣẹ́ òòjọ́ pẹ̀lú. Ti Yorùbá kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀-orúkọ ni ó ń yan ọ̀rọ̀-ìṣe tí yóò bá a rìn: à ń lo agbára, à ń pa àṣẹ, a ní ipa lórí ènìyàn, a sì lè fi ipá mú un.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni kí olùtumọ̀ mú «lo» nìkan, kí ó fi í dípò gbogbo wọn. «Ó lo ipa lórí wọn» kò dún létí ọmọ Yorùbá, nítorí ipa kì í ṣe irinṣẹ́. Ohun tí nǹkan fi sílẹ̀ lẹ́yìn ni, bí ó ti hàn nínú «ipasẹ̀». Ẹni tí ó ní ipa lórí ọmọ lè má tilẹ̀ mọ̀; ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi ipá mú ọmọ mọ ohun tí ó ń ṣe. Olùkọ́ ní ipa lórí akẹ́kọ̀ọ́. Ọlọ́ṣà fi ipá gba owó. Àmì ohùn kan ṣoṣo ni ó là wọ́n láàárín. Bí òǹkọ̀wé bá fo àmì náà, olùkọ́ rere lè di aninilára.

«Fi … mú» alára kò sọ rere, kò sọ búburú. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni. Ohun tí a fi mú un ni ó yàtọ̀.

Ọ̀ràn yìí kọjá ti ẹwà èdè. Òfin Ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè Benin tí a kéde ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1990 lo «exercer» ní abala 4, níbi tí ó ti sọ bí àṣẹ ará ìlú ṣe ń di ṣíṣe: nípasẹ̀ àwọn aṣojú tí wọ́n dìbò yàn, àti nípa ìbò tí gbogbo ìlú dì lórí ọ̀ràn kan. Bí a bá kọ ọ́ pé ará ìlú «ń lo agbára», ẹni tí ó gbọ́ ọ lè rò pé jàgídíjàgan ni. Bí a bá kọ ọ́ pé ará ìlú ni ó ni àṣẹ, tí wọ́n sì ń pa á láti ẹnu aṣojú wọn, kò sí ẹni tí kò ní mọ ẹni tí í ṣe olúwa àti ẹni tí í ṣe ìránṣẹ́.

Nítorí náà, kí olùtumọ̀ tó wá ọ̀rọ̀-ìṣe, kí ó kọ́kọ́ bèèrè ẹni tí ó ni agbára náà, àti bóyá ẹni tí a lò ó fún gbà tàbí kò gbà.