Ìjà Owó Orí Àwọn Obìnrin Ẹ̀gbá nínú Aké

Ọ̀pọ̀ òǹkàwé ka Aké (1981) ti Wọlé Ṣóyínká sí ìtàn ìgbà èwe lásán. Èrò yìí kò tọ̀nà. Ìparí ìwé náà dá lé owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin Ẹ̀gbá. Òǹkọ̀wé fi hàn bí ẹ̀kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ṣe bí ẹgbẹ́ tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti darí. Ojú ọmọdé tí ó lò mú kí èrò àti ariwo hàn kedere. Ìdí ẹ̀sùn ni kò hàn tó: àwọn tí ń san owó orí kò ní aṣojú nínú ìgbìmọ̀ ìlú. Kí olùkọ́ fi èyí kún un, àti pé Aláké Adémọ́lá Kejì kọ oyè sílẹ̀ ní 1949. Kí olùdánwò náà bi akẹ́kọ̀ọ́ ní ìdí ìjà, kì í ṣe ariwo rẹ̀ nìkan.