Ẹ̀kọ́ Tó Wà Nínú Ọ̀sà

Etí ọ̀sà ni Yunifásítì Èkó wà ní Akọkà, nítorí náà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ òkun ibẹ̀ kò rìn jìnnà kí wọ́n tó kan omi.

Ohun èlò tí mo gba tiẹ̀ jù nínú ẹ̀kọ́ wọn ni àwo Secchi, àwo funfun pẹlẹbẹ tí àlùfáà ará Ítálì, Angelo Secchi, dán wò lójú òkun ní 1865. Akẹ́kọ̀ọ́ á fi okùn sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ títí kò fi ní rí i mọ́, á ṣàmì sí okùn. Á rọra fà á sókè títí yóò fi tún hàn, á tún ṣàmì. Agbedeméjì àmì méjèèjì ló ń sọ bí omi ṣe mọ́ tó. Kò gba iná, kò gba bátìrì. Ojú àti sùúrù ló gbà.

Wọ́n á wọn iyọ̀ omi pẹ̀lú, torí òkun a máa wọ ọ̀sà lẹ́ẹ̀rùn, omi odò Ògùn a sì lé e padà lásìkò òjò. Ní yàrá ìwádìí, wọ́n á la inú ẹpìyà láti wo ohun tó jẹ.

Ẹ̀yin tó ń pín owó fún yunifásítì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé epo ọkọ̀ ojú omi.