Ìlù Ilé Nínú Orin Àlejò: Àyẹ̀wò Orin Ẹgbẹ́ Blo

Ní 1972 ni Berkley Jones onígìtá, Laolu Akins onílù àti Mike Odumosu dá ẹgbẹ́ Blo sílẹ̀ ní Èkó. Àwo wọn àkọ́kọ́, Chapter One, jáde ní 1973; rọ́ọ̀kì ni, irú èyí tí ohùn gìtá rẹ̀ máa ń dà bí àlá. Àwọn ọmọ onílé ti gbàgbé rẹ̀ kí ilé-iṣẹ́ Strut ti Lọ́ńdọ̀nù tó ṣa orin wọn jọ ní 2001.

Àwọn kan a máa pè é ní àfarawé òyìnbó. Gìtá Jones jọ ti Hendrix lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí olùgbọ́ tẹ́tí sí ìlù Akins nínú Chant to Mother Earth: kò kánjú, kò pariwo, ó ń rìn bí ẹni tí ó mọ̀ pé eré yóò di àfẹ̀mọ́júmọ́. Ìyẹn kì í ṣe àfarawé. Ọ̀rọ̀ orin ni kò kún tó; ohun tí gìtá ń wá kiri, ẹnu kò rí i sọ.