Kíkan Tó Gbó: Fínígà Dúdú Ará Ṣáínà Nínú Ìdáná Dallas

Nínú ìdáná Yorùbá, lílé la ń lé kíkan jáde. A óò din ata àti tòmátì títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ, tí epo yóò sì lé téńté, kí ọbẹ̀ má baà kan. Síbẹ̀, àwa náà la ń yan gàrí Ìjẹ̀bú láàyò nítorí pé ó kan: ọjọ́ tí ẹ̀gẹ́ rírin lò nínú àpò ló fún un ní kíkan yẹn, ẹnu wa sì mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ti ọbẹ̀ tó bàjẹ́. Ìmọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí ọmọ Yorùbá tó ń gbé Dallas mú dání nígbà tó bá dúró níwájú igò fínígà dúdú nílé ìtajà àwọn ará Ṣáínà ní Richardson tàbí Plano. Kì í ṣe ẹgbẹ́ fínígà funfun. Èròjà ọbẹ̀ ni, ọjọ́ orí rẹ̀ ló sì ń ṣiṣẹ́ ju kíkan rẹ̀ lọ.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Zhenjiang, ní ìpínlẹ̀ Jiangsu, níbi tí ilé iṣẹ́ Hengshun ti wà láti 1840. Wọ́n á rẹ ìrẹsì tó máa ń lẹ̀ mọ́wọ́, wọ́n á fi ooru omi sè é, wọ́n á sì fi ìwúkàrà àlìkámà sọ ọ́ di ọtí. Wọn kì í wá fi ọtí náà sílẹ̀ kó kan fúnra rẹ̀ bí ẹmu ṣe ń kan. Wọ́n á pò ó mọ́ èérí àlìkámà àti èèpo ìrẹsì, wọ́n á bu díẹ̀ sí i lára èyí tó ti ń kan tẹ́lẹ̀, wọ́n á sì máa yí i lójoojúmọ́ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nítorí kòkòrò àìfojúrí tó ń sọ ọtí di fínígà kò lè ṣiṣẹ́ láìsí atẹ́gùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á da omi sí i, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á sè é, ó sì di inú ìkòkò amọ̀ fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán. Ìrẹsì tí wọ́n yan dúdú ló ń fún un láwọ̀.

Ní ìpínlẹ̀ Shanxi, ọkà bàbà ni ìpìlẹ̀ fínígà dúdú, ọkà kan náà tí a fi ń ṣe ògì bàbà. Wọ́n á fi ooru iná mú apá kan lára rẹ̀ dúdú kí wọ́n tó sẹ́ ẹ, òórùn èéfín rẹ̀ kì í sì í kúrò. Oòrùn ìgbà ooru á fa omi inú fínígà náà. Nígbà òtútù, wọ́n á kó yìnyín orí rẹ̀ dànù. Ohun tó ṣẹ́kù máa ń ki, ó sì máa ń mú lẹ́nu. Lọ́dún 2006, Ṣáínà kọ iṣẹ́ ọwọ́ méjèèjì sínú àkọsílẹ̀ àṣà àjogúnbá orílẹ̀-èdè náà. Ní tèmi, ti Zhenjiang ni kí olùbẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ rà.

Ní òpópónà Greenville ní Richardson, ilé oúnjẹ Jeng Chi lókìkí fún dumpling, ìyẹn ìyẹ̀fun tí wọ́n fi wé ẹran, tó ní omi ẹran nínú. Fínígà dúdú àti atalẹ̀ tí a gé tín-ín-rín ni wọ́n fi ń jẹ irú rẹ̀. Láìsí fínígà, ọ̀rá ni ẹnu yóò máa tọ́ wò; bí fínígà bá dé, ẹran yóò sọ̀rọ̀. Àwọn ará Texas pàápàá mọ iṣẹ́ yìí: àlùbọ́sà tútù àti apálá tí wọ́n rì sínú fínígà ni wọ́n ń gbé ti brisket, ìyẹn ẹran àyà màlúù, bí àwa náà ṣe ń gbé àlùbọ́sà àti tòmátì ti súyà. Mo ti kán fínígà dúdú sórí brisket, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn ju ọbẹ̀ olóṣúgà tí wọ́n máa ń dà lé e lọ.

Iná ni ọ̀tá òórùn fínígà dúdú. Bí o bá ń din nǹkan kíákíá nínú agbada, ìgbà tí o bá ń gbé e kalẹ̀ ni kí o dà á sí i. Ẹran ìhà ẹlẹ́dẹ̀ tí ń pẹ́ lórí iná pẹ̀lú súgà àti omi sóyà yàtọ̀: níbẹ̀, àtìbẹ̀rẹ̀ ni kó ti wọlé, kí mímú rẹ̀ lè lọ, kí adùn rẹ̀ sì kù. Alásè tó mọṣẹ́ á tún kán díẹ̀ sí i níkẹyìn.

Ní Guangdong, ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀, ẹyin àti atalẹ̀ púpọ̀ ni wọ́n ń sè nínú fínígà dúdú dídùn fún ìyá ọlọ́mọ. Ìyá àgbà tó ti Ìbàdàn wá sí Dallas láti wẹ ọmọ tuntun, tó sì ń fi ọbẹ̀ ata gbígbóná tọ́jú ọmọ rẹ̀ obìnrin, yóò tètè lóye rẹ̀. Ṣùgbọ́n igò olóṣúgà yìí kọ́ ni ti dumpling. Ẹ ka ara igò dáadáa, pàápàá ẹni tí àlìkámà kì í bá lára mu.

Mi ò ní fi fínígà dúdú sí ẹ̀gúsí tàbí ẹ̀fọ́ tó ní irú, nítorí òórùn méjèèjì yóò jọ máa jà. Inú ọbẹ̀ ata díndín tó ní ẹran ọlọ́ràá ni àyè rẹ̀ wà: bí kíkan tòmátì bá ti lọ pátá, tí a sì ti pa iná, ìdajì ṣíbí ìmutíì tó fún ìkòkò ẹni mẹ́rin.