Ilé Là Ń Wò: Àríyànjiyàn lórí Géèmù àti Íntánẹ́ẹ̀tì ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

Níbi tí àwọn ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ràn ẹ̀rọ ayárabíàṣá bá ti pàdé ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, pàápàá ní àdúgbò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH ń gbé, àríyànjiyàn kan kì í pẹ́ bẹ́ sílẹ̀: bí ẹni tí ó ń gbá géèmù bá fìdí rẹmi, ṣé òun ni kò mọ̀ ọ́n gbá ni, àbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kò dáa? Apá kan ń di ẹ̀bi ru ìyára íntánẹ́ẹ̀tì. Apá kejì ń sunkún owó dátà. Apá kẹta, tí àwọn òbí pọ̀ nínú rẹ̀, ní kí wọ́n pa géèmù tì, kí wọ́n lọ kàwé.

Ẹjọ́ apá kìíní lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Kọ̀ǹpútà ńlá tí ó ń darí ọ̀pọ̀ géèmù tí àwọn ènìyàn ń gbá pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì sábà máa ń wà ní Yúróòpù tàbí ní Gúúsù Áfíríkà. Ìmọ́lẹ̀ inú okùn abẹ́ òkun ń rin nǹkan bíi kìlómítà 200,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù tó kìlómítà 5,000 lójú òfuurufú. Àlọ àti àbọ̀ yóò gba ìdá kan nínú ogún ìṣẹ́jú àáyá, kí a tó ka ìyípo okùn létí òkun àti ọ̀nà Èkó sí Ògbómọ̀ṣọ́ mọ́ ọn. Bí ọwọ́ ọ̀dọ́ náà ti wù kí ó yá tó, kò lè gba àkókò yìí padà. Nígbà tí àwọn okùn bíi WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 bàjẹ́ lábẹ́ òkun nítòsí Côte d'Ivoire ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹta, ọdún 2024, gbogbo ènìyàn rí bí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lọ́nà jíjìn ṣe lè pa fóònù ilé lẹ́nu mọ́. Ẹkún apá kejì náà kì í ṣe àròkàn lásán. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, àjọ NCC fún àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ láṣẹ láti fi owó kún iye tí wọ́n ń gbà, tí kò ní ju ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Síbẹ̀, ohun kan wà tí apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ gbójú fò. Wọ́n gba géèmù fúnra rẹ̀ bí ohun tí ó ti òkè sọ̀ kalẹ̀. Bí yóò ṣe wọlé, iye tí yóò gbà, tàbí bí a ó ṣe lé e jáde nìkan ni wọ́n ń jiyàn lé. Kò sí ẹni tí ó béèrè ohun tí géèmù náà ń sọ nípa ẹni tí ó ń gbá a.

Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni Europa Universalis IV, tí ilé-iṣẹ́ Paradox ní Sweden gbé jáde ní ọdún 2013. Eré náà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 11, oṣù Kọkànlá, ọdún 1444, Ọ̀yọ́ sì wà lára ìjọba tí òṣèré lè ṣàkóso. Èyí kì í ṣe nǹkan kékeré. Orí àwòrán ilẹ̀ kan náà ni Ọ̀yọ́ àti Pọ́túgà jọ wà, olóyè kankan kò sì tíì borí èkejì. Ọmọ tí ó jókòó ní Ọ̀yọ́ òní lè tibẹ̀ mọ̀ pé ìjọba náà ti ga kí ìlú rẹ̀ tó rí báyìí, nítorí ọ̀rúndún 19 ni Aláàfin Àtìbà sọ Àgọ́ Ọ̀já di Ọ̀yọ́ tuntun.

Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá wo ẹ̀sìn ìjọba rẹ̀, "Fetishist" ni yóò rí. Inú ọ̀rọ̀ Pọ́túgà, feitiço, ni orúkọ yìí ti jáde, èyí tí àwọn atukọ̀ fi ń pe ohun tí kò yé wọn ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Géèmù náà fi orúkọ kan náà pe ẹ̀sìn Kóńgò. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé ta ni wọ́n wò níbí? Ìlú tí UNESCO kọ ọdún Ṣàngó rẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ ogún àdáyébá ayé ní ọdún 2023 ni a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. A lè wí pé orúkọ lásán ni, kí kọ̀ǹpútà lè ṣírò. Àwíjàre náà kò dúró. Nínú géèmù, òfin ń tẹ̀lé orúkọ: orúkọ ẹ̀sìn wà lára ohun tí ó ń pinnu ẹni tí yóò fojú rere wo ìjọba náà àti ohun tí ọba lè ṣe.

Ayò ọlọ́pọ́n jẹ́ kí ọ̀ràn náà túbọ̀ hàn. Ihò 12 àti ọmọ ayò 48 ni, ṣùgbọ́n èdè wà nídìí rẹ̀: ọ̀ta ni ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ta, ọ̀pẹ ni ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta, òǹwòran sì ń sọ tirẹ̀ láìgba àṣẹ. Lónìí, "pro" àti "noob" ni ọ̀dọ́ ń pe ọ̀ta àti ọ̀pẹ. Ayò pàápàá ti dé orí fóònù, ṣùgbọ́n "Oware" tàbí "Mancala" ni ó sábà máa ń jẹ́ níbẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ́ ni ó gba orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn mìíràn ni ó kọ́kọ́ gbé irú eré náà síbẹ̀, wọ́n sì pè é bí ilé tiwọn ṣe ń pè é.

Ibí yìí ni àríyànjiyàn méjèèjì ti pàdé. Ẹni tí yóò ṣe géèmù nílò íntánẹ́ẹ̀tì ju ẹni tí yóò gbá a lọ: yóò kọ́ṣẹ́ lórí rẹ̀, yóò fi iṣẹ́ ránṣẹ́, yóò tún un ṣe lójoojúmọ́. Maliyo Games, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní ọdún 2012, fi hàn pé ọwọ́ ọmọ Nàìjíríà ká iṣẹ́ náà. Nítorí náà, ẹni tí ó ń jà fún dátà tí ó dẹ̀ lọ́rùn ní Ògbómọ̀ṣọ́ kò ṣe ohun tí kò nítumọ̀, ṣùgbọ́n ìdajì ìjà ni ó ń jà bí ó bá jẹ́ pé kí ó lè gbá géèmù ẹlòmíràn nìkan ni. Ìdajì yòókù wà lọ́rùn àwọn onímọ̀ Yorùbá pẹ̀lú. Bí ọ̀dọ́ kan bá fẹ́ kọ Ọ̀yọ́ sínú géèmù lọ́la, tí ó sì béèrè orúkọ tí yóò pe ẹ̀sìn, ipò àti ogun Aláàfin, ìdáhùn gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ ní èdè àti ní ibi tí yóò ti rí i. Bí kò bá sí, ohun tí ó bá ti bá nílẹ̀ ni yóò lò.