Ewé Tí Kò Tíì Lórúkọ

Bí igi crape myrtle bá ti tanná lẹ́bàá títì níbí ní Grand Prairie, Texas, ẹni tó bá gbọ́ orúkọ rẹ̀ lè rò pé ìbátan gúáfà ni, torí pé inú ẹbí myrtle ni gúáfà wà. Rárá o. Ìdílé tirẹ̀ yàtọ̀. Ẹbí gúáfà àti kànáfùrù ní àmì tiwọn: gbé ewé wọn sí ìmọ́lẹ̀ oòrùn, wàá rí àmì tóótòòtó, ìyẹn àpò òróró tó ń mú kí ewé gúáfà ta sánsán tí a bá fọwọ́ rún un.

Irú igi tó wà nínú ẹbí yìí ju 5,000 lọ, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń rí tuntun. Iṣẹ́ àwọn tó ń wá wọn yìí wú mi lórí gan-an. Wọ́n á gé ẹ̀ka tòun ti òdòdó àti èso, wọ́n á fi ìwé ìròyìn tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ títí yóò fi gbẹ. Ibẹ̀ ni sùúrù ti wá bẹ̀rẹ̀. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ: wọ́n á wọn ìtànná, wọ́n á fi ewé náà wé ti gbogbo ìbátan rẹ̀ tó wà nípamọ́, bóyá ní Forest Herbarium Ìbàdàn, bóyá ní Fort Worth nítòsí wa, níbi tí Botanical Research Institute of Texas ti kó ewéko gbígbẹ tó ju mílíọ̀nù kan jọ. Ṣáájú 2012, dandan ni kí wọ́n fi èdè Látìn ṣàpèjúwe rẹ̀. Ẹ̀ka gbígbẹ kan ṣoṣo ni wọ́n á yàn ṣe ẹlẹ́rìí orúkọ náà, wọ́n á sì tọ́jú rẹ̀ bí ẹyin.